Gbogbo Wọn Ti Dé

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má wulẹ̀ káàánú mi. Àánú kọ́ ni mo wá tọrọ. Ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò, mo sì ti mọ̀ pé mo jẹ̀bi kí n tó la ẹnu.

Ìbíyẹmí ni orúkọ mi. Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀, ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ìgàndò. Kíláàsì kẹrin ni mo ń kọ́, ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwé náà, torí kì í ṣe ilé ìwé ló ṣe é. Èmi ni mo ṣe é, pẹ̀lú àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mi yìí.

Láti kékeré ni ìyá mi ti ń sọ pé, "Ìbíyẹmí, ẹnu rẹ mú jù, ẹnu yìí á kó bá ẹ." Mo máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo di tíṣà, ẹnu mímú di iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́dún 2016, Màdáàmù wa, Ìyáàfin Ọdẹ́tọ́lá tó ni ilé ìwé, pè wá jọ. Ó ní ayé ti yí padà, a ò ní máa fi bírò sàmì sínú ìwé rẹ́jísítà mọ́, orí fóònù ni a ó ti máa ṣe é. Tí o bá tẹ "ó wá" síwájú orúkọ ọmọ, kíá ni àtẹ̀jíṣẹ́ á balẹ̀ sórí fóònù òbí rẹ̀ pé ọmọ yín ti dé ilé ìwé. Tí o bá tẹ "kò wá", ìyẹn náà á dé ọ̀dọ̀ wọn.

Lókè pátápátá, bọ́tìnì kan wà fún ọjọ́ tí kíláàsì bá pé. "Gbogbo wọn ti dé." Ẹ̀ẹ̀kan péré lo máa tẹ̀ ẹ́, ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n ti dé nìyẹn.

"Òfin kan ló wà níbẹ̀ o," ni Màdáàmù wí. "Kí aago mẹ́jọ tó lù, kí rẹ́jísítà yín ti wọlé. Tíṣà tí rẹ́jísítà rẹ̀ bá pẹ́, òun gan-an ló pẹ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, fóònù yẹn pa mí bí ọtí. Mo dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀ fún àwọn òbí kíláàsì mi. Ohùn mi ni wọ́n fi ń jí. "Bàbá Akínbọ́lá, ẹ gé irun ọmọ yín jàre, ṣé ẹ fẹ́ kí ẹyẹ wá yé ẹyin síbẹ̀ ni?" "Ìyá Promise, ìwé ìṣirò Promise ti kún, ẹ ra òmíràn kó tó di ọ̀la o." Kò sẹ́ni tó bínú. "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́." "Àǹtí wa, Ọlọ́run á bù kún yín." Orí mi ń wú.

Ìyẹn nìkan kọ́. Mo ní fóònù kékeré olójú tọ́ọ̀ṣì kan tí mi ò lò mọ́. Mo gbé e sínú àpótí ṣọ́ọ̀kì ní kíláàsì, mo fi Promise ṣe alákòóso rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Promise, òun ni mọ́nítọ̀ kíláàsì. Níbikíbi tí mo bá wà, mo lè pè é, á tẹ sípíkà, á gbé e sórí tábìlì mi.

"Mò ń gbọ́ yín o! Ta ló ń rẹ́rìn-ín yẹn? Ẹ ṣí ìwé ìṣirò yín!"

Kíláàsì á pa lọ́lọ́. Àwọn ọmọ náà gbà gbọ́ pé mo ń rí wọn láti inú fóònù. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

*

Ìṣẹ̀rí-Olófin ni mò ń gbé. Kò jìnnà sí Ìgàndò, ṣùgbọ́n oorun àárọ̀ àti èmi, ọ̀rẹ́ ìmùlẹ̀ ni wá.

Lọ́jọ́ kan, gáàsì tán lórí iná. Nígbà tí mo fi máa rí omi gbígbóná wẹ̀, aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ṣì wà nínú ilé. Rẹ́jísítà ńkọ́? Mo gbé fóònù, mo ṣí i, mo wo bọ́tìnì òkè yẹn. Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan yìí ni ṣá." Mo tẹ̀ ẹ́.

Mo dé kíláàsì ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Mo ka àwọn ọmọ. Méjìdínlọ́gbọ̀n. Gbogbo wọn ti dé lóòótọ́.

Ká ní ẹnì kan péré kò wá lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù ì bá bà mí, mi ò ní dán an wò mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn pé. Àṣírí mi ò tú, ojú mi sì là sí i.

Ẹ ò ní pẹ́ mọ ìyókù. Ẹ̀ẹ̀kan di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì di ojoojúmọ́. Màdáàmù máa ń kọ́kọ́ yà sí ẹ̀ka wa tó wà ní Baruwa, aago mẹ́wàá ló ń dé ọ̀dọ̀ wa. Orí kọ̀ǹpútà ló ti ń wò wá. Ohun tó ń rí níbẹ̀ ni pé rẹ́jísítà Ìbíyẹmí ló ń kọ́kọ́ wọlé.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀. Bàbá Oyèníran tó ń ṣọ́ géètì. Ará ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n, àgbàlagbà, ẹni jẹ́jẹ́. Kò sí ọmọ tó máa wọlé tí wọn ò ní fi orúkọ kí i. "Ọláyíwọlá, ṣé o jẹun?" "Hamdalah ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, o jí ire bí?"

Mo bẹ̀ wọ́n. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màdáàmù."

"Kí ni mo rí, Ìbíyẹmí ọmọ mi? Mi ò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó mọ́ ẹ lára o."

Ó ti mọ́ mi lára kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a parí sáà kejì, Màdáàmù pè mí síwájú gbogbo òbí, ó fún mi ní ẹ̀bùn tíṣà tí kì í pẹ́. Ẹ mọ ohun tó fún mi? Aago ògiri. Mo gbé e kọ́ sí pálọ̀ mi, mo ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

*

Hamdalah. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ní èjí, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tó bá ń kọ̀wé, ahọ́n rẹ̀ á yọ síta díẹ̀. Òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí, bàbá rẹ̀ sì ti kú.

Sìdíkátù ni orúkọ ìyá rẹ̀, rodo àti tàtàṣé ló ń tà ní Shasha. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ti máa ń jáde kó lè bá ọjà tó ń balẹ̀. Hamdalah ló ń wẹ̀ fúnra rẹ̀, òun ló ń ti ilẹ̀kùn, òun ló ń dá rìn wá sí ilé ìwé. Nítorí náà, àtẹ̀jíṣẹ́ wa ni ojú tí ìyá rẹ̀ fi ń rí i. Ìyá náà kò lè ka òyìnbó tí wọ́n fi kọ ọ́, ó kàn mọ bí orúkọ ọmọ rẹ̀ ṣe rí, ó sì mọ̀ pé tí ọ̀rọ̀ náà bá kúrú, ọmọ ti dé. Tó bá gùn díẹ̀, ọmọ ò wá.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé nínú oṣù kejì ọdún 2017, lọ́jọ́ kan tí mo tètè dé, tí mo pe orúkọ bó ṣe yẹ, mo tẹ "kò wá" fún Hamdalah. Kí wákàtí kan tó pé, ìyá rẹ̀ ti dé láti Shasha lórí ọ̀kadà, ata ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bá ọmọ nílé, ibà ti dá a dùbúlẹ̀. Ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ó wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kejì. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ gba ọmọ yìí là fún mi. Mẹ́séèjì yín ni. Ọlọ́run Alláhù ò ní jẹ́ kí ẹ fi ojú sunkún ọmọ."

Mo ní, "Iṣẹ́ wa ni, Ìyá Hamdalah." Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo tún padà sórí bọ́tìnì òkè.

*

Ó di oṣù kẹfà. Òjò ń rọ̀, ẹrẹ̀ kún gbogbo àdúgbò, àwọn ọmọ kan ń wá sí ilé ìwé pẹ̀lú sílípáàsì. Inú bí mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan, mo gbé fóònù sẹ́nu, mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn òbí.

"Ẹ gbọ́ o. Láti ọ̀la lọ, ọmọ tí bàtà ilé ìwé rẹ̀ kò bá pé lẹ́sẹ̀ méjèèjì, kó má wọ kíláàsì mi. Kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Mo ti sọ tèmi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Àǹtí," ni wọ́n ń dáhùn. "Ẹ bá wa kọ́ wọn."

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òjò bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí. Ẹ mọ irú òjò tó ń lu páànù tí bùláńkẹ́ẹ̀tì á máa pe èèyàn. Mo na ọwọ́ jáde, mo mú fóònù. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì. Ojú mi ò tilẹ̀ là tán. Mo tẹ̀ ẹ́.

Gbogbo wọn ti dé.

Nígbà tó di aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, mo pe fóònù inú àpótí ṣọ́ọ̀kì, mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Promise, ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbẹ̀?"

"Àǹtí, ogún ni wá. Àwọn kan ò tíì dé. Hamdalah náà ò tíì dé."

"Òjò ni. Wọ́n ń bọ̀."

"Àǹtí, Hamdalah kì í pẹ́ o."

"Promise, èmi ni tíṣà àbí ìwọ? Kọ orúkọ àwọn tó ń pariwo, jókòó."

Ó jókòó. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi, mo tún jágbe mọ́ ọn.

Mo dé ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Bàbá Oyèníran ṣí géètì fún mi, wọ́n wò mí. Mo ka àwọn ọmọ. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Àyè Hamdalah ṣófo.

Mo ṣí fóònù. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àmì aláwọ̀ ewé wà níwájú rẹ̀. Ó wá. Ká ní mo yí i padà nígbà yẹn, mẹ́séèjì á lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, á sì hàn lórí kọ̀ǹpútà Màdáàmù pé ohun tí mo sọ ní aago méje, irọ́ ni. Á bi mí pé níbo ni mo wà. Gbogbo ẹ̀ á tú, àti aago ògiri, àti ìyìn.

Mo sọ fún ara mi pé, "Ìyá rẹ̀ ló ní kó jókòó sílé nítorí òjò."

Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ti wà ní Shasha láti ìdájí. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni nínú ilé yẹn tó lè ní kó jókòó. Mo mọ̀, mo sì pa fóònù dé, mo ní kí wọ́n ṣí ìwé.

*

Aago méjì ààbọ̀ la máa ń túká. Ìyá Hamdalah kì í wá mú un, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn òjò ba ọjà jẹ́, ó tètè ṣíwọ́, ó ra aṣọ òjò kékeré aláwọ̀ yẹ́lò fún ọmọ rẹ̀, ó wá fi pàdé rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Hamdalah ńkọ́?"

Ẹ wò ó, ibí yìí ni mo ti lè dúró. Ẹnu mi ní òun kò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ òótọ́.

"Ó ti jáde, Ìyá Hamdalah. A ṣẹ̀ṣẹ̀ túká báyìí ni."

Ó sáré jáde. Ó lọ sílé, ó padà. Ó wo ẹ̀yìn ilé ìgbẹ́, ó wo ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta súìtì. Nígbà tó fi di aago mẹ́ta ààbọ̀, ó ti ń pariwo, àwọn èèyàn ti ń pé jọ, Màdáàmù sì ti jáde láti ọ́fíìsì.

"Ìbíyẹmí, ṣé ọmọ yìí wá lónìí?"

"Ó wá, Mà."

"Ṣé o fojú ara rẹ rí i?"

"Mo fojú ara mi rí i, Mà. Ó tilẹ̀ dáhùn ìbéèrè."

Ta ló ní kí n fi ìyẹn kún un? Kò sẹ́ni tó bi mí.

Wọ́n pe Bàbá Oyèníran. Bàbá ní, "Màdáàmù, ọmọ yẹn kò gba géètì yìí wọlé lónìí. Mo ń kí gbogbo wọn. Mi ò kí i."

Màdáàmù na fóònù rẹ̀ sí wọn. "Bàbá, aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì ni wọ́n ti sàmì pé ó wá. Ṣé fóònù ló ń purọ́ ni?"

Bàbá yíjú sí mi. Wọ́n lè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni: Ìbíyẹmí gan-an kò sí níbí ní aago méje. Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n ń dúró kí n sọ ọ́ fúnra mi.

"Ìbíyẹmí ọmọ mi, sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Màdáàmù, Bàbá ti dàgbà. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́."

Láti inú èrò yẹn ni ẹnì kan ti pariwo, "Gbọ́mọgbọ́mọ ni! Ẹ wo aṣọ funfun tó máa ń wọ̀!" Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ṣe lágbègbè wa. Wọ́n gbá Bàbá létí, wọ́n là wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi bàtà gbá wọn níkùn. Bàbá ò bú ẹnikẹ́ni. Bàbá kàn ń tún un sọ pé, "Mi ò kí i lónìí. Mi ò kí i." Àwọn ọlọ́pàá ló gbà wọ́n sílẹ̀, tí wọ́n tún gbé wọn lọ.

Gbogbo àdúgbò wá tú síta láti wá ọmọ tí wọ́n jí gbé ní aago méjì ààbọ̀. Wọ́n ń yẹ inú ọkọ̀ wò ní Ìkòtún, wọ́n ń bi àwọn ọlọ́kadà ní Ẹgbẹ́dá. Kò sẹ́ni tó wo ojú ọ̀nà láti ilé Hamdalah sí ilé ìwé. Kí ni wọ́n fẹ́ wò níbẹ̀? Ṣebí fóònù ti sọ pé ó dé.

*

Ẹ̀rù bà mí. Mo wọ inú kíláàsì mi lọ, èmi nìkan. Mo rò ó pé tí mo bá yí i sí "kò wá" báyìí, màá sọ lẹ́yìn náà pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló dà á rú. Àwọn ọlọ́pàá á fi Bàbá sílẹ̀, wọ́n á wá ọmọ síbi tó yẹ, orúkọ mi ò sì ní bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo rò ó, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́.

Mo tẹ orúkọ rẹ̀. Mo yí i padà. Kò wá.

Mo gbàgbé ohun tí áàpù yẹn ń ṣe. Èmi tí mo ti lò ó fún ọdún kan gbáko, tí mo sì rántí rẹ̀ láàárọ̀ yẹn, ẹ̀rù mú mi gbàgbé.

Níta, fóònù kan dún ní àárín èrò. Ìyá Hamdalah fà á yọ láti inú ìró rẹ̀. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó wo ọ̀rọ̀ náà, ó rí orúkọ ọmọ rẹ̀, ó kígbe.

"Màdáàmù! Ẹ bá mi kà á! Bóyá àwọn tó gbé e ló kọ ọ́, bóyá owó ni wọ́n ń béèrè!"

Màdáàmù gbà á. Ó kà á sínú, ó tún un kà, ó wá kà á síta ní Yorùbá. "Hamdalah kò wá sí ilé ìwé lónìí."

Ó tún wo òkè mẹ́séèjì náà, níbi tí orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ wà.

"Ọ̀dọ̀ wa ló ti wá," ni Màdáàmù wí. "Ìsinsìnyí ni wọ́n fi ránṣẹ́." Ó gbé ojú sókè. Mo ti jáde sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì, fóònù wà lọ́wọ́ mi, iná rẹ̀ ò tíì kú.

Promise wà níbẹ̀, ó ń dúró de ìyá rẹ̀. Ó bú sẹ́kún. "Mo sọ fún Àǹtí láàárọ̀. Mo sọ fún wọn nínú fóònù pé Hamdalah ò tíì dé. Àǹtí ò sí ní ilé ìwé nígbà yẹn."

Mo ń retí kí ìyá Hamdalah fò mọ́ mi. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò fọwọ́ kàn mí. Aṣọ òjò yẹ́lò yẹn ṣì wà ní apá rẹ̀. Ó sún mọ́ mi, ó sì béèrè jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà.

"Àǹtí, nígbà tí ẹ ní ó ti dé, níbo ló wà?"

*

Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí ẹni tó rí i. Ìyá alágbàdo kan ni, tó ń sun àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànáàlì tí àwọn ọmọ ń gba orí pákó rẹ̀ kọjá lọ sí ilé ìwé.

"Mo rí i," ni ìyá náà wí. "Aago mẹ́sàn-án ti kọjá díẹ̀, òjò ti ń dá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń koná. Ó ń sunkún. Ó ní bàtà òun kan já bọ́ sómi. Mo ní, 'Máa lọ sí ilé ìwé bẹ́ẹ̀.' Ó ní Àǹtí òun ní ẹni tí bàtà rẹ̀ ò bá pé kò gbọdọ̀ wọlé. Ó ń fi igi wá a nínú omi. Mo ní, 'Ìwọ ọmọ yìí, kúrò níbẹ̀.' Mo yíjú sí iná mi. Nígbà tí mo máa wo ẹ̀yìn, mi ò rí i mọ́. Mo ṣe bí ó ti lọ sílé ni."

Aago mẹ́sàn-án kọjá. Ẹ bá mi ṣírò ó. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì ni mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó ti dé. Kò ju wákàtí kan lọ láti Shasha, nínú oṣù kejì kò tó bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ì bá bá a níbẹ̀. Ì bá bá a lórí ìdúró, pẹ̀lú igi lọ́wọ́ rẹ̀ àti bàtà ẹsẹ̀ kan.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n rí bàtà náà nínú ẹrẹ̀, nísàlẹ̀ kànáàlì. Wọ́n wá Hamdalah fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Títí di òní, wọn ò rí i. Kò sí sàréè tí ìyá rẹ̀ lè dúró tì.

Wọ́n lé mi. Mo sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá fún ọjọ́ díẹ̀, ẹjọ́ ń falẹ̀ títí ó fi kú fúnra rẹ̀. Etí òsì Bàbá Oyèníran kò gbọ́ràn mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Mo lọ kúnlẹ̀ fún wọn.

"Mo ti dárí jì ẹ́," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n má wá síbí mọ́."

Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, àwọn òbí jáde níkọ̀ọ̀kan. Mo jókòó, mo ń wò ó. Ẹni yìí ti jáde. Ẹni yìí ti jáde. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, èèyàn méjì ló kù: èmi, àti ìyá Hamdalah tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń jáde níbẹ̀.

*

Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn náà kí ìyá Hamdalah tó wá sílé mi, láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo rò pé ọjọ́ ẹ̀san ló dé. Mo dọ̀bálẹ̀ pátá, mi ò rántí pé obìnrin ni mí.

Ó ní kí n dìde. Ó ti gbẹ, ọrùn rẹ̀ ti gùn. Ó mú fóònù tuntun jáde.

"Àǹtí, ti tẹ́lẹ̀ bọ́ sómi lọ́jà. Mẹ́séèjì yẹn wà nínú ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè rí i yọ."

"Mẹ́séèjì wo, Ìyá Hamdalah?"

"Èyí tí ẹ ní ó ti dé."

Mo fa àga fún un.

"Lọ́jọ́ yẹn, láti ìgbà tí ó balẹ̀ títí dé aago méjì ààbọ̀, ọkàn mi balẹ̀. Mò ń ta ata, mò ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mi. Ọmọ mi wà ní kíláàsì. Láti ìgbà yẹn, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́ rí. Láàárọ̀ láàárọ̀ ni mo máa ń ṣí i wò. Ní báyìí mi ò ní nǹkan tí mo máa wò." Ó na fóònù sí mi. "Ẹ tún un sọ. Ẹ fi ẹnu sọ ọ́, torí mi ò mọ̀wé."

"Ìyá Hamdalah, irọ́ ni."

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pa á. Ẹ tún un pa fún mi."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀kọ́ wo ló kù tí mo lè kọ́ yín? Tí ẹ bá jẹ́ tíṣà, ẹ pe orúkọ ọmọ, kí ẹ dúró kó dáhùn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìyókù, ẹ̀pa ò bóró mọ́ fún èmi.

Láti ọjọ́ yẹn, mo ní iṣẹ́ kan. Láàárọ̀ gbogbo ọjọ́ tí ilé ìwé bá ṣí, mo máa ń jókòó sábẹ́ aago ògiri tí Màdáàmù fún mi. Tó bá di aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì, mo máa ń gbé fóònù sẹ́nu, nínú ẹgbẹ́ tó ku àwa méjì.

"Ìyá Hamdalah, ẹ káàárọ̀ o. Hamdalah ti dé."

Àmì rẹ̀ á yí sí búlúù. Ó ti gbọ́ ọ nìyẹn, níbi tó wà ní Shasha.

Ọdún kejì rèé. Mi ò pẹ́ rí.